Àpò Ìdáná Tó Fúyẹ́ Jù

"Dá irin yẹn padà sínú àpò, Jibek. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Ohùn Tíṣà Turat ba ògiri ilé ìwé, ó sì ta padà. Àwọn ọmọ kéékèèké tó ń gbá bọ́ọ̀lù gbé bọ́ọ̀lù wọn mọ́ra, wọ́n dúró wòran. Tíṣà Turat kì í pariwo. Bí ẹni tí kì í pariwo bá wá pariwo, ó yẹ kéèyàn dúró gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ṣùgbọ́n Jibek kì í ṣe ẹni tó ń dúró gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ẹnu rẹ̀ sì ti dàgbà jù ú lọ. Ó fi ìka méjì gbé irin náà sókè bí ẹni tó di òkú eku mú nírù.

"Tíṣà, irinwó gíráàmù ni èyí nìkan. Irinwó. Ṣé òkè la fẹ́ gùn ni, àbí a fẹ́ lọ kọ́lé síbẹ̀?"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ márùn-ún bú sẹ́rìn-ín. Àpò ẹ̀yìn wọn wà nílẹ̀ lórí ìlà, òṣùwọ̀n ọlọ́wọ́ sì ń fì lára igi góòlù níbi tí Tíṣà so ó mọ́.

"Bó bá wù ọ́, pè é ní ilé," Tíṣà ní. "Gbé ilé rẹ dání."

"Àwọn ọmọ ilé ìwé òdìkejì odò, gbogbo ìdáná wọn pátá, àti ìkòkò àti ṣíbí, kò pé kílò kan. Ojú mi ni mo fi rí i. Tiwa ti pé kílò méjì. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn adájọ́ ni?"

"Yẹ̀yẹ́ ò pa èèyàn rí." Tíṣà kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan, ó tú àpò ìdáná sílẹ̀. Sítóòfù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà níbẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà tó gùn tó apá. Agolo gáàsì tuntun méjì wà níbẹ̀, tí èdìdì wọn kò tíì já. Irin pẹlẹbẹ alábala mẹ́fà náà wà níbẹ̀, èyí tí a ń nà yí iná ká bí ìgànná kí afẹ́fẹ́ òkè má baà pa á. "Wò ó dáadáa. Sítóòfù ń bẹ nínú ìgànná. Agolo ń bẹ níta ìgànná. Rọ́bà ló wà láàárín wọn. Kí nìdí? Samara, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ."

"Kí agolo má baà gbóná, Tíṣà," Samara ní, láìgbé ojú kúrò lára okùn tó ń ká.

"Samara ti sọ ọ́."

"Samara mọ gbogbo nǹkan, Tíṣà. Kó yáa wá gbé e."

Ẹ̀rín tún sọ. Samara náà rẹ́rìn-ín. Láti kékeré ló ti ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ Jibek, yálà wọ́n fi bú u ni o, wọn ò fi bú u ni o. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ bírò, ó kọ ohun tó wà nínú àpò ìdáná sórí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, ó ṣe é ní mẹ́ta: ọ̀kan fún ọ̀gá ilé ìwé, ọ̀kan fún ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, ọ̀kan fún àpò ara rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń kó ọmọ gun òkè, kò sí ìyá kan tí èékánná ọmọ rẹ̀ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Jibek ki irin náà padà sínú àpò. Ọwọ́ rẹ̀ gbà. Inú rẹ̀ kò gbà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Kì í ṣe ìwà àfojúdi lásán ló ń lé ọmọ náà. Ọdọọdún ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn afinimọ̀nà òkè tó wà ní Bishkek, olú ìlú wa, máa ń mú ọmọ kan ṣoṣo ní agbègbè adágún Issyk-Kul, láìgba owó sọ́ọ̀mù kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá pọ̀ jù nínú ìdíje ìgòkè ni wọ́n ń mú. Oníkálukú ni wọ́n sì ń fún ní àmì lórí iṣẹ́ tirẹ̀. Okùn ni iṣẹ́ Samara. Ìdáná ni iṣẹ́ Jibek: bí àpò rẹ̀ bá ṣe fúyẹ́ tó, bí tíì rẹ̀ bá ṣe tètè dé orí tábìlì àwọn adájọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni àmì rẹ̀ á ṣe pọ̀ tó. Ìyá rẹ̀ ti ń gbálẹ̀ ní Moscow láti ọdún méje. Ó ti ránṣẹ́ sílé pé bí àyè Bishkek bá bọ́, kí Jibek wọ bàálù ní oṣù kẹsàn-án, kó wá di ìgbálẹ̀ kejì mú. Òru àti ọ̀sán ni Jibek ń rí ìgbálẹ̀ yẹn níwájú rẹ̀.

Láti àgbàlá ilé ìwé, ọ̀dọ̀ Ryskul ló gbà lọ tààrà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni Ryskul, ilé rẹ̀ ni Jibek sì ń gbé. Ọkọ̀ ló ń tún ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ ló sọ ọ́ di olókìkí. Àwọn òyìnbó tó ń rìn lórí òkè wa máa ń fi agolo gáàsì sílẹ̀ nílé àlejò bí wọ́n bá ti lò ó tán. Wọ́n ti kọ ọ́ sára agolo náà ní èdè mẹ́rin pé ẹ̀ẹ̀kan ni a ń lò ó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ gáàsì mìíràn sí i. Ní ìlú wa, àwọn tó lówó àtira tuntun ni ìwé yẹn wà fún. Ryskul fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹnu idẹ kan tó ń so agolo mọ́ sílíńdà. Á ri agolo òfìfo sínú yìnyín kó tutù, á dojú sílíńdà ńlá ti inú ilé délẹ̀ sórí rẹ̀, gáàsì á sì máa ṣàn wọlé. Àwọn afinimọ̀nà ń rà á, àwọn darandaran ń rà á. Ọ̀gá ọlọ́pàá náà ń rà á bó bá ń lọ pẹja. Òṣùwọ̀n Ryskul ni etí rẹ̀. Á mi agolo náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Bó bá dún pọ̀ṣọ̀-pọ̀ṣọ̀, ó ti tó, àyè díẹ̀ ṣì kù nínú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ tún rọ ọ́ sí i," Jibek ní.

"Ó ti tó."

"Ó ṣì ń dún."

"Ó gbọ́dọ̀ dún ni. Gáàsì náà fẹ́ àyè tí á fi mí. Ìwọ náà, bí mo bá ki ọ́ mọ́ inú àpótí tí mo kàn án pa, wàá fọ́ ọ ni."

"Agolo méjì ni Tíṣà kọ sílẹ̀. Bí ti méjì bá lè wọ inú ẹyọ kan, mo ti bọ́ àádọ́jọ gíráàmù irin sílẹ̀ nìyẹn."

Ryskul fi aṣọ nu ọwọ́, ó wò ó. "Ta ló ń kọ́ ẹ ní irú ìṣirò báyìí?"

"Ẹ̀yin náà kọ́. Ta ló ń rọ ohun tí wọ́n ní ká má rọ?"

Ó pa Ryskul lẹ́rìn-ín. Ohun tó burú nínú ẹ̀rín nìyẹn: ẹni tó bá ti rẹ́rìn-ín tán, àtisọ pé rárá á nira fún un. Ó tún dojú sílíńdà délẹ̀. Nígbà tó mi agolo náà lẹ́yìn ìyẹn, kò dún mọ́. Ńṣe ló wúwo jọ̀kọ̀tọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí òkúta odò.

"Má gbé e sún mọ́ ooru o. Mo ti sọ tèmi."

"Sítóòfù ni mo fẹ́ gbé lé e lórí, Bọ̀ọ̀dá. Kì í ṣe fìríìjì."

"Mo ní mo ti sọ tèmi."

Igbá kan wà lábẹ́ tábìlì Ryskul tó kún fún ẹrù tí àwọn òyìnbó gbàgbé. Ibẹ̀ ni Jibek ti ṣa ìyókù. Ó rí orí sítóòfù kan tí kò ju ìka mẹ́ta lọ, èyí tí kò ní ẹsẹ̀ tí kò sì ní rọ́bà, orí agolo gan-an ni a ń lọ́ ọ mọ́. Mẹ́tàléláàádọ́rin gíráàmù. Ó rí ìkòkò kékeré kan tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Fún ìgànná, ó gé pánù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára abọ́ tí wọ́n fi ń yan ẹran tí wọ́n sì ń jù nù; ó ká a róbótó, ó fi wáyà kékeré dè é. Ogún gíráàmù. Ó kó gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n tí ìyàwó Ryskul fi ń wọn ìyẹ̀fun. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé mẹ́wàá. Jibek jókòó sórí ìjókòó, ó ń wo nọ́ńbà náà bí ìgbà tí ìyàwó ń wo òrùka.

Ó pààrọ̀ ẹrù ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, nígbà tí Tíṣà wà níwájú bọ́ọ̀sì tó ń bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ táyà. Ó fi irin, rọ́bà àti agolo tuntun méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn ilé ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwé. Samara bá a níbẹ̀.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń gbálẹ̀."

"Jibek, Tíṣà ti fọwọ́ sí ìwé."

"Ìwé ló fọwọ́ sí. Kò fọwọ́ sí àpò." Jibek dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀fẹ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé o fẹ́ sọ fún un? Bí o bá fẹ́ sọ, lọ sọ. N ó máa kọ lẹ́tà sí ọ láti Moscow, n ó ṣàpèjúwe bí ilé ìtura wọn ṣe mọ́ tó fún ọ."

Samara wo agolo kan ṣoṣo tó wà nínú àpò. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó bá a fa okùn ẹnu àpò náà.

Nísàlẹ̀ òkè, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ parí sí, àwọn adájọ́ wọn àpò ìdáná gbogbo ẹgbẹ́. Nígbà tí wọ́n ka nọ́ńbà ti Jibek síta, olórí àwọn ọmọ òdìkejì odò súfèé, ó ní, "Ẹ̀yin, ṣé ẹ fẹ́ máa jẹ koríko lókè ni?"

"Ẹ̀yin ni ẹ máa jẹ koríko," Jibek dá a lóhùn. "Àwa á máa mu tíì, a ó sì máa wò yín."

Tíṣà Turat wà nídìí àwọn okùn. Ó gbọ́ nọ́ńbà náà. Ó yíjú, ó wo Jibek, ó wo àpò, ẹnu rẹ̀ sì là. Ó mọ iye tí irin tirẹ̀ wọ̀n. Ọmọdé gan-an ìbá mọ̀ pé kílò méjì kì í di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin gíráàmù nínú bọ́ọ̀sì. Àmọ́ lákòókò yẹn gan-an ni olórí àwọn adájọ́ gbá a lọ́wọ́ mú, ó ní, "Turat, o káre. Lọ́dún yìí, o kọ́ wọn dáadáa." Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sí adájọ́ tó gbá a lọ́wọ́ mú bẹ́ẹ̀ rí. Tíṣà pa ẹnu rẹ̀ dé.

Wọ́n rìn ní gbogbo ọjọ́ náà. Àpò Jibek fúyẹ́ débi pé ó ń kọrin, ó ń dúró de àwọn tó kù lórí àpáta, ó ń jẹ kurut rẹ̀, wàrà gbígbẹ oníyọ̀, ó ń fi ẹni tó bá ń mí hẹlẹ-hẹlẹ ṣẹ̀fẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n dé abẹ́ ọrùn òkè, ibi tí ọ̀nà gbà kọjá láàárín òkè méjì, wọ́n pàgọ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́bàá yìnyín. Afẹ́fẹ́ ń ti òkè bọ̀ wá, ó ń gbé ìrì dídì tó mú bí abẹ́rẹ́. Olórí àwọn adájọ́ fun fèrè. Ìyẹn ni pé ìdíje tíì ti bẹ̀rẹ̀: ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ gbé tíì tó hó dé orí tábìlì ló ni àmì tó pọ̀ jù.

Jibek lọ́ orí sítóòfù mọ́ agolo, ó gbé ìkòkò lé e, ó ṣáná. Ó fi pánù rẹ̀ yí i ká. Afẹ́fẹ́ kan fẹ́ báyìí, pánù fò, ó sì ń sá lọ lórí òkúta. Ó sáré mú un wá. Ó tún fò. Irin Tíṣà, irinwó gíráàmù, kì bá tí mira. Ogún gíráàmù kò lè dúró fúnra rẹ̀ lórí òkè. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò dì í mú.

"Samara, wá bá mi di nǹkan yìí."

Samara fi okùn rẹ̀ sílẹ̀, ó wá. Ó kúnlẹ̀ sórí òkúta, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá pánù náà mọ́ra yí sítóòfù àti agolo ká, ojú rẹ̀ sì wà lókè ìkòkò gan-an. Ó fi àyè kan sílẹ̀ níwájú, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

"Pa ibẹ̀ yẹn dé," Jibek ní. "Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé."

"Agolo wà nínú. Tíṣà ní..."

"Tíṣà ò sí nínú ìdíje yìí. Pa á dé."

Samara pa á dé. Iná náà gbéra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ẹ̀fúùfù nínú ìgò. Ní ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ òdìkejì odò, èéfín ti ń jáde lẹ́nu ìkòkò.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Samara ti ìka kan gba abẹ́ pánù, ó fà á yọ kíákíá. "Ó gbóná o, Jibek. Mi ò lè gbé ọwọ́ lé agolo náà."

"Ìṣẹ́jú méjì."

"Jẹ́ kí n ṣí i díẹ̀."

"Wo ìkòkò wọn. Wò ó. Wọ́n ti ń bu tíì sí i. Ìṣẹ́jú méjì péré, Samara, jọ̀ọ́. Mo bẹ̀ ọ́. Gbogbo ayé mi ló wà nínú ìṣẹ́jú méjì yìí."

Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Jibek ti gbọ́ ọ rí. Ta ni kò gbọ́ ọ rí? Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Jibek fò sókè, ó sáré wọ inú àgọ́ lọ mú ife àwọn adájọ́. Ife ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó dún.

Kò dún bí ìbọn. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn irin ńlá kan mọ́ èèyàn lórí. Àgọ́ náà tẹ̀ sínú. Nígbà tí Jibek jáde, kò sí ìkòkò, kò sí sítóòfù, kò sí agolo. Iná ló wà lórí òkúta, Samara sì wà nínú iná náà lórí eékún, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì nà síwájú bí ẹni pé ó ṣì ń di nǹkan mú.

Tíṣà Turat ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ju ẹ̀wù rẹ̀ bò ó, ó gbé e ṣubú, ó yí i mọ́lẹ̀ títí iná fi kú. Ó ń sọ pé, "Mo ti mú ọ, ọmọ mi, mo ti mú ọ." Ó ń bu omi yìnyín tó ń ṣàn lẹ́bàá àgọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ àti ojú rẹ̀, ó ń bù ú, ó ń bù ú. Ìgbà yẹn ló rí àfọ́kù agolo kan nílẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti bó, kì í ṣe irú èyí tó rà. Ó gbé ojú sókè, ó wo Jibek. Ó tún bu omi.

Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi gbé Samara sọ̀ kalẹ̀, lórí ẹṣin darandaran kan, Tíṣà jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tó gbá a mú. Jibek rìn lẹ́yìn ẹṣin. Kò kọrin.

Ọjọ́ kẹrin ni àwọn aṣèwádìí méjì dé ilé ìwé, àwọn tí bàtà wọn kò tẹ òkúta òkè rí. Wọ́n pe Jibek wọ ọ́fíìsì ọ̀gá. Ìwé tí Tíṣà fọwọ́ sí wà lórí tábìlì.

"Ìwọ lo mójú tó ìdáná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ni ẹ gbé lọ?"

Ó rí Bishkek. Ó rí ìgbálẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì, ahọ́n rẹ̀ tó máa ń yá bí abẹ ti wúwo. Ó wo ìwé orí tábìlì.

"Ohun tí Tíṣà fún wa la gbé, sà."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kó fọwọ́ sí i, Jibek sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pe Tíṣà. Wọ́n bi í léèrè pé ta ló ra agolo àtúnrọ. Ryskul ti kó ẹnu idẹ rẹ̀ jù sódò; ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n mọ́ rárá. Tíṣà Turat jókòó, ọwọ́ rẹ̀ tí iná jó wà lórí itan rẹ̀.

"Mo gbọ́ nọ́ńbà náà nígbà tí wọ́n ń wọn àpò," ló wí. "Ó yẹ kí n tú àpò náà wò. Inú mi dùn, mi ò tú u. Ohun yòówù tó bá wà nínú àpò àwọn ọmọ yẹn, èmi ni mo gbé e."

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìwé ilé ẹjọ́ tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé láti Bishkek. Ìdíje ti dúró lójú ọ̀nà, nítorí náà àmì tó wà nílẹ̀ kí iná tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n lò. Kò sí àpò tó fúyẹ́ tó ti Jibek. Wọ́n ti ka ìwé àwọn aṣèwádìí, wọ́n rí i pé kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn rẹ̀. Kó wá ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án. Ìyá rẹ̀ sunkún ayọ̀ lórí fóònù títí owó fóònù fi tán.

Ọjọ́ kejì ni Jibek lọ kí Samara. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé láti ilé ìwòsàn, kò tíì lọ.

Ìyá àgbà Samara ló ṣílẹ̀kùn. Ó dì mọ́ Jibek, ó fi ẹnu kan iwájú orí rẹ̀. "Ọmọ mi, wọlé. Samara, wo ẹni tó dé."

Samara jókòó lórí ẹní lẹ́bàá fèrèsé. Aṣọ funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgúnpá, ó di róbótó, kò sí ìka kan tó hàn. Ìdajì ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń dán, ìpéǹpéjú kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìdajì kejì ṣì jẹ́ ti Samara.

"Jókòó," Samara ní.

Ìyá àgbà tẹ́ aṣọ oúnjẹ, ó da búrẹ́dì àti bọ́tà sílẹ̀. Ó bu tíì fún Jibek, ó bu ú ní ìsàlẹ̀ ife, bíi ẹnu mẹ́ta, bí a ti í bu ú fún àlejò tí a fẹ́ kó pẹ́. Bí ó bá mu ún tán, a ó tún bu díẹ̀. Bí a ṣe ń bù ú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á máa gùn. Ife tó kún dé ẹnu, ti ẹni tí a ń lé lọ ni.

"Mo gbọ́ pé wọ́n ti mú ọ ní Bishkek," Ìyá àgbà ní. "Ọlọ́run ṣeun. Ó kéré tán, tíṣà burúkú yẹn ò rí tìrẹ bà jẹ́. Ẹni tí a fa ọmọ lé lọ́wọ́, tó lọ ń ra gáàsì àtúnrọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa dá ẹjọ́ rẹ̀. N ó lọ jókòó síwájú, n ó wo ojú rẹ̀." Ó tún bu tíì díẹ̀. "Omi ti ń tán. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé òmíràn kaná."

Ó jáde. Wọ́n gbọ́ tó ń fọ ìkòkò nínú ilé ìdáná.

"Màmá ò mọ̀," Samara ní. "Àwọn aṣèwádìí bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní mi ò rántí nǹkan kan."

"Samara, o ṣe mí lóore, mi ò mọ bí mo ṣe máa..."

"Kì í ṣe oore. Mò ń dúró dè ọ́ ni. Mo ní ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Ṣé o ti sọ ọ́?"

Jibek wo inú ife rẹ̀. "Bí mo bá sọ ọ́ ní báyìí, wọ́n á gba àyè náà lọ́wọ́ mi. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n wọlé ná. Bí mo bá ti wọlé, tí n kò ní bọ́ síta mọ́, n ó kọ̀wé sí wọn. Mo búra."

"Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti Tíṣà mọ́lé."

"Wọn ò ní tì í mọ́lé pẹ́. Ó ti dàgbà. Wọ́n á ṣàánú rẹ̀."

Ohùn Samara balẹ̀, ó dà bí ìgbà tó ń dáhùn ìbéèrè nínú kíláàsì.

"Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí nílé ìwòsàn. Mi ò ní nǹkan mìíràn láti ṣe. Irin Tíṣà kò parẹ́ nígbà tí o yọ ọ́, Jibek. Ọwọ́ mi ló dípò rẹ̀. Èmi ni mo di ìgànná. Ẹrù kì í parẹ́. Èyí tí o bá sọ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ, ẹ̀yìn ẹlòmíràn ló ń bọ́ lé. Tíṣà ti ru díẹ̀ nínú rẹ̀. Èmi náà ti ru tèmi. Ìwọ nìkan ni àpò rẹ ṣì fúyẹ́, o sì wá síbí wá sọ fún mi pé kí a tún bá ọ gbé e di oṣù kẹsàn-án."

"Samara..."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá àgbà gbé ìkòkò tíì wọlé, èéfín ń rú lẹ́nu rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó nawọ́ sí ife Jibek láti bu ẹnu mẹ́ta mìíràn sí i.

"Màmá," Samara ní, "ẹ bù ú kún."

Ọwọ́ Ìyá àgbà dúró lófuurufú. "Kún? Ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó."

"Ẹ jẹ́ kó kún dé ẹnu, Màmá. Ọwọ́ mi ni kò gbà. Èmi fúnra mi ni ìbá bù ú."

Ìyá àgbà wo ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó yíjú, ó wo Jibek, ẹ̀rín ojú rẹ̀ sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó tẹ ìkòkò náà, ó dà á, kò dúró níbi tí a máa ń dúró, ó dà á títí tíì fi kan etí ife.